Kí O Tó Ra Fọ́ọ̀mù JAMB: Bí O Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Yunifásítì Ló Tọ́ sí Ọ

Bí èsì WAEC bá ti ń jáde lóṣù kẹjọ, ilé mi ní Ìbàdàn kì í gbófo. Ọmọ tí mo kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ káàsán sà, mo fẹ́ wọ yunifásítì.” Bí mo bá wá béèrè ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á máa wò mí bí ẹni tó béèrè ìdí tí èèyàn fi ń jẹun. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn ló ń lọ. Bàbá ti ń pe ọmọ ní “dókítà” látìgbà tó wà ní jẹ́léósinmi.

Èmi náà lọ yunifásítì, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tó yẹ kó lọ tí wọn ò jẹ́ kó lọ. Mo sì ti rí èyí tí wọ́n tì lọ tipátipá, tó fi ọdún mẹ́fà ṣe kóòsì ọdún mẹ́rin, tó padà wá kọ́ iṣẹ́ tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi ìwé àti bírò lé ọmọ lọ́wọ́ ká tó sọ̀rọ̀ kankan. Mú tìẹ náà, ọmọ mi, ká bẹ̀rẹ̀.

1. Kọ orúkọ iṣẹ́, má kọ orúkọ kóòsì

Kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí o lè fojú inú wo ara rẹ nídìí wọn nígbà tí o bá pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ ni mo wí o. “Mass Comm” kì í ṣe iṣẹ́. Kí èèyàn máa ka ìròyìn lórí rédíò ni iṣẹ́. “Agric” kì í ṣe iṣẹ́. Kí èèyàn máa sin adìyẹ, kó máa ta ẹyin, iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti orí kóòsì bẹ̀rẹ̀ á kàwé jáde tán kó tó máa wá ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ta ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀?

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí òfin ò ní jẹ́ kí o fọwọ́ kàn láìgba yunifásítì kọjá. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, ọdún mẹ́fà. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, ọdún márùn-ún, kí o tó tún lọ sí Law School. Apòògùn náà wà níbẹ̀, dókítà ẹranko náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà lórí ìwé rẹ, tó sì dá ọ lójú pé òun lo fẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ wa ti tán: yunifásítì ni. Bí o ṣe máa débẹ̀ ló kù.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. Nọ́ọ̀sì lè gba yunifásítì, ó sì lè gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ lè fi ọdún mẹ́ta gba NCE, ìwé-ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. Ti akáùńtáǹtì, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ló mọ̀ pé ẹni tó ní kírẹ́dítì márùn-ún péré lè bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáùńtáǹtì, láti ìpele ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ATS, kó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, títí yóò fi di akáùńtáǹtì tó gbàwé-ẹ̀rí.

Àwọn tó kù ò ní olùṣọ́ rárá. Télọ̀, kápẹ́ńtà, ẹni tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, ẹni tó ń so sólà, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe ni oníbàárà máa wò.

2. Lọ jókòó ti ẹni tó ń ṣe é

Ìgbésẹ̀ yìí làwọn ọmọ máa ń fò jù, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Láti ìgbà tí ẹ bá kọ ìwé WAEC tán títí dìgbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbani, oṣù bíi mélòó kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ tí kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè rẹ̀. Má fi gbogbo rẹ̀ sùn.

Wá ẹni mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà. Kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan ti pẹ́ nídìí ẹ̀, kí ẹ̀kẹta jẹ́ ẹni tó ṣe é rí tó sì fi í sílẹ̀. Má gbàgbé ẹ̀kẹta yẹn. Òun ló máa sọ ohun tí ìtìjú ò ní jẹ́ kí àwọn méjì yòókù sọ. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun tí wàá bi wọ́n nìwọ̀nyí:

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ṣe lánàá, láti àárọ̀ di alẹ́?” Bí o bá béèrè pé “báwo niṣẹ́”, “a dúpẹ́” ni wọ́n máa fi dá ọ lóhùn. Bí o bá béèrè tàná, wọ́n á sọ òótọ́.

“Lẹ́yìn tí ẹ kọ́ ọ tán, ó tó ọdún mélòó kí owó ibẹ̀ tó lè gbé ilé?”

“Ká ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni yín lónìí, ọ̀nà wo lẹ máa gbà dé ibi tí ẹ wà yìí?”

Bó bá ṣeé ṣe, má fi mọ lórí ìbéèrè nìkan. Sọ fún wọn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fẹ́ wo bí iṣẹ́ yín ṣe rí ni.” Àwọn tó ń kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ sọ pé apòògùn lòun fẹ́ jẹ́. Mo ní kó lọ bá màdámù kan tó ní ilé ìtajà òògùn ní àdúgbò wọn. Nígbà tó padà dé, ó ní orúkọ àwọn òògùn yẹn ò wọ òun lórí rárá, ohun tí òun ń fojú sọ́nà fún ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ìgbà tí màdámù bá ń ṣírò ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi mọ̀. Ká ní yunifásítì ló ti fẹ́ lọ mọ̀ ọ́n ni, ó lè gbà á lọ́dún mẹ́ta.

3. Wo èsì rẹ bí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ

Kírẹ́dítì márùn-ún tó bá kóòsì mu ni yunifásítì ń béèrè, ìjókòó ìdánwò méjì ni kó pọ̀ jù, kò sí bí Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe ní í sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ kóòsì ló sì ń béèrè Ìṣirò. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí o bá mú nínú JAMB gbọ́dọ̀ bá kóòsì náà mu pẹ̀lú. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìmọ̀ ìṣègùn tí kò mú Físíìsì, bó gba máàkì tó ga jù, wọn ò ní gbà á.

Máàkì JAMB, 400 ni gbogbo rẹ̀. Iye tó kéré jù tí wọ́n fẹnu kò lé lórí fún yunifásítì jẹ́ 140 lọ́dún 2024, ó sì di 150 lọ́dún 2025. Má jẹ́ kí iye yẹn tàn ọ́. Ẹnu ọ̀nà géètì lásán ló gbé ọ dé, kò tíì gbé ọ wọ yàrá. Kóòsì tí èrò pọ̀ lórí rẹ̀, iye tí wọ́n ń béèrè fi púpọ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, Post-UTME, àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, sì tún ń dúró dè ọ́.

Bí o bá ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta lórí kóòsì kan náà tí kò bọ́ sí i, dúró. Mi ò ní kí o jáwọ́ o. Mo ní kí o béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ṣé ìwé ni o kò kà dáadáa ni, àbí ilé-ìwé tí o ń yàn ló le jù, àbí iṣẹ́ yìí kọ́ lọkàn rẹ wà? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, oògùn wọn náà sì yàtọ̀.

Ti ọjọ́ orí, 16 ni wọ́n ń gbà báyìí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń sunkún pé ẹgbẹ́ òun ti lọ, kò sí ohun tó ṣe é. Ọdún kan tó fi kọ́ nǹkan nílé ò sọnù.

4. Ṣírò owó, kí o sì fi oúnjẹ ṣíwájú

Owó ilé-ìwé ni gbogbo ayé máa ń béèrè. Síbẹ̀, nínú àwọn ọmọ tí mo mọ̀ tí wọ́n já sọ́nà, owó ilé-ìwé kọ́ ló lé ọ̀pọ̀ wọn sílé. Oúnjẹ ni. Owó ilé gbígbé ni.

Yí ìwé rẹ padà sẹ́yìn. Kọ ọ́ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: owó tí wọ́n ń san láti fi gba ipò, owó ilé-ìwé, họ́sítẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìta, oúnjẹ, ọkọ̀, ìwé, dátà, kọ̀ǹpútà, owó títẹ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Má fi ojú inú dá iye rẹ̀. Pe ọmọ tó wà ní ilé-ìwé náà lọ́wọ́lọ́wọ́ kó sọ fún ọ. Jẹ́ ká fi oúnjẹ nìkan ṣe àpẹẹrẹ. Bí o bá rò pé 40,000 náírà á tó ọ lóṣù kan, tí o sì máa fi oṣù mẹ́wàá wà nílé-ìwé lọ́dọọdún, 400,000 lọ́dún nìyẹn. Fún kóòsì ọdún mẹ́rin, ó di 1,600,000. A ò tíì sanwó ilé.

Bí yunifásítì ìjọba bá ni, fi ọdún kan kún un. Àdúrà ibi kọ́ ni mò ń gbà, ohun tójú wa ti rí ni. Lọ́dún 2020, láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kejìlá ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi yanṣẹ́ lódì. Lọ́dún 2022, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Ọmọ tó wọlé lọ́dún 2019, inú méjèèjì ló bọ́ sí. Onílé ò sì ní torí ìyanṣẹ́lódì kó má gba owó ilé rẹ̀. Yunifásítì aládàáni ò ní wàhálà yìí, àmọ́ owó tí wọ́n ń gbà lọ́dún kan lè tó èyí tí wàá ná jálẹ̀ ní ti ìjọba.

Ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún ti wà báyìí. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin rẹ̀, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NELFUND ló ń bójú tó o. Kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún, póólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá parí NYSC, bí o bá ti ríṣẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ. Ó dáa, mo sì ń rọ àwọn ọmọ pé kí wọ́n lò ó bó bá yẹ. Àmọ́ gbèsè ni, 20,000 yẹn náà sì jẹ́ ìdajì owó oúnjẹ tí a ṣírò lókè yìí. Kọ ibi tí ìdajì kejì ti máa wá.

Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju agbára ilé yín lọ, má tíì sunkún. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ilé-ìwé tí o lè máa ti ilé ìyá rẹ lọ, bí orúkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ ròkè, lè jẹ́ èyí tí wàá parí.

5. Fi ojú kan náà wo àwọn ọ̀nà yòókù

Póólì kọ́kọ́. Ọdún 1947 ni wọ́n dá YABATECH sílẹ̀, 1948 ni yunifásítì Ìbàdàn tó ṣáájú gbogbo wọn ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó rò pé àwọn tí yunifásítì kọ̀ ni wọ́n dá póólì sílẹ̀ fún. ND, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ níbẹ̀, gba ọdún méjì. Wàá fi nǹkan bí ọdún kan ṣiṣẹ́. HND, èyí tó ga jù ú lọ, tún gba ọdún méjì. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé o lè dúró láàárín, kí o ṣiṣẹ́, kí o tún padà. Ẹni tí ND rẹ̀ bá dáa sì lè gba Direct Entry wọ ìpele kejì ní yunifásítì. Àléébù rẹ̀ náà wà, mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ: àwọn ibi iṣẹ́ kan ṣì ń fi ẹni tó ní HND sábẹ́ ẹni tó ní B.Sc., pàápàá bó bá di ọ̀rọ̀ ìgbéga. Béèrè bó ṣe rí nídìí iṣẹ́ tí o kọ sórí ìwé rẹ.

Iṣẹ́ ọwọ́ wá ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ó ní owó àdéhùn, ó ní owó irinṣẹ́, ó ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí owó ò ní máa wọlé, ó sì ní ìnáwó ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù. Ṣírò ó bí o ṣe ṣírò ti yunifásítì. Kí ẹ tó gbà fún ọ̀gá kankan, wá ẹni tó ti gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ, kí o bi í pé: ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí o fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà? Bó bá ní ọdún kejì, tó jẹ́ pé aṣọ ọ̀gá lòun ń fọ̀ jálẹ̀ ọdún kìíní, wá ọ̀gá mìíràn. Kí iye ọdún, owó, àti ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ wà nínú ìwé àdéhùn, kí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i. Bí o bá mọ iṣẹ́ tán, ṣe Trade Test. Ìwé-ẹ̀rí ìjọba ni, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wẹ́dà àti ẹni tó ń ṣe iná mànàmáná.

Bí o bá yan iṣẹ́ ọwọ́ lónìí, ilẹ̀kùn yunifásítì ò tì. National Open University wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Kìkì ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ni pé ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kì í ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un.

6. Bá àwọn òbí rẹ sọ̀rọ̀, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ

Kí o tó bínú sí wọn, rántí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Bàbá àgbà rẹ lè wà lára àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó gba ibẹ̀ wọlé. Ìwé ló gbé ìran yẹn láti oko dé ọ́fíìsì, ojú wọn ló sì ṣe. Bí bàbá rẹ bá ní “ìwé rẹ lógún rẹ”, ohun tó gba ilé yín là ló ń sọ.

Má gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bínú lọ́wọ́ tàbí níwájú àlejò. Dúró di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o wá ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní mi ò ní kàwé. Mo ti lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo kọ ohun tí wọ́n sọ, mo sì ṣírò owó rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó.” Bí o bá mọ̀ pé bàbá ò ní gbọ́, kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn tàbí àǹtí tí wọ́n máa ń fetí sí, kí ẹ jọ wá.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: bí ọmọ bá mú ìwé wá bá yín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ fún un pé kí lẹ fẹ́ wí fún àwọn ará ìjọ tàbí àwọn ẹbí. Àwọn ìjọ kọ́ ló máa bá a gbé inú kóòsì náà.

7. Bí wọ́n bá fún ọ ní kóòsì tí o kò béèrè

Ó ṣe mí rí. Òfin ni mo fẹ́ kà, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni wọ́n fún mi. Mo sunkún fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí pé, “Àwọn tó ti ṣe é tán, kí ni wọ́n ń ṣe jẹun?” Mi ò mọ̀. Mo lọ béèrè. Ọ̀kan ń kọ́ni, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò, ọ̀kan ń túmọ̀ ìwé. Mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì ẹni tó ń kọ́ni yẹn lọ́jọ́ kan, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mo lè ṣe èyí. Ìdí tí mo fi gbà nìyẹn. Ká ní mi ò rí nǹkan kan tí mo lè ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ì bá sàn kí n dúró.

Lónìí, orí ìkànnì JAMB CAPS lo ti máa gbà á tàbí kí o kọ̀ ọ́. Má tẹ bọ́tìnì kankan nínú ìbínú. Ṣe ohun tí mo ṣe: béèrè, jókòó tì wọ́n, kí o tó tẹ̀ ẹ́. Kí o sì tó san kọ́bọ̀ kan, wo orúkọ ilé-ìwé náà lórí ìkànnì àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí i: NUC bó bá jẹ́ yunifásítì, NBTE bó bá jẹ́ póólì, NCCE bó bá jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Wo kóòsì náà gan-an pẹ̀lú, nítorí ilé-ìwé lè ní ìfọwọ́sí kí kóòsì kan nínú rẹ̀ má ní in.

8. Kọ ọjọ́ tí o máa tún un wò

Ìwé ọmọbìnrin tó lọ sí ilé ìtajà òògùn yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó fa igi lé “apòògùn”. Níwájú “akáùńtáǹtì” ó kọ: póólì, ọdún méjì, láti ilé, ìdánwò ATS lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màdámù ní kí n máa wá ṣírò ọjà ní gbogbo Sátidé. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó kọ ọjọ́ sí, ọdún méjì gééré sígbà náà, àti ìbéèrè kan tó máa bi ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: ṣé HND ni, àbí Direct Entry, àbí iṣẹ́?